Iye Tí Agbára Ń Náni: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ ní Àgbádárìgì Lórí Àwọn Ìwé Àràmàǹdà Ìwòyí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà, àti ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ẹ kún ẹ̀yìn fọ́fọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì àti ìtàn àràmàǹdà tó ń jáde lásìkò yìí, pàápàá èyí táwọn ọmọ wa ń kọ, kí n sọ èyí tó dáa, kí n sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó, kí n má fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ìwé yìí ni mò ń kà kí n tó sùn, àwọn náà ni mò ń kà nínú dáńfó tí gọ̀ọ́sìlóò bá mú wa lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tí mo fi ń wọn ìwé àràmàǹdà. Tí ẹnìkan bá ní agbára nínú ìwé, tó ń pe iná, tó ń fò lókè, tó ń jí òkú, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé kí ló san? Kí ló fi sílẹ̀ kó tó rí i gbà, ta ló sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Torí nílẹ̀ wa níbí a ò mọ agbára ọ̀fẹ́. Babaláwo ní èèwọ̀ tiẹ̀, ọdẹ tó gbé àyẹta sára ní ohun tí ò gbọ́dọ̀ jẹ, Zangbeto, egúngún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, tẹ́yin ará ibí mọ̀ jù mí lọ náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti wù ló ń sún mọ́ ọn. Ìwé tó bá gbàgbé ìyẹn, bó ti wù kí Ṣàngó àti Ọya pọ̀ nínú ẹ̀ tó, lójú mi ńṣe ló dà bí ẹni tó yá aṣọ wa wọ̀ lọ sóde.

Nǹkan ọ̀hún ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1938 ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Àkàrà-Ògùn wọ igbó, ó pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, wọ́n ja ìjà àjàkú akátá, ẹni tó bá sì kà á á rí i pé igbó yẹn ní òfin, ó ní onílé, èèyàn ò lè ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀. Tutùọlá ará Abẹ́òkúta tẹ̀lé e, òun kọ tiẹ̀ lóyìnbó, The Palm-Wine Drinkard, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Òmùtí ẹmu ni olórí ìtàn yẹn, adẹ́mu ẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú, ó wá ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni arẹwà inú ìwé yẹn, àbí? Ọkùnrin náà dáa débi pé ọmọbìnrin kan tẹ̀lé e látọjà wọgbó, ó pẹ́ díẹ̀ ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ẹsẹ̀, ó dá a padà fẹ́ni tó ni ín, ó sanwó háyà, ó yọ apá, ó sanwó háyà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi ku agbárí lásán.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù wà níwájú díẹ̀ sí ìyẹn. Òmùtí yìí àti ìyàwó ẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun ràbàtà kan, wọ́n sì ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, 70 pọ́n-ùn, ṣílè 18 àti sísì kan ni wọ́n tà á, wọ́n wá yá ẹnìkan ní ìbẹ̀rù wọn, èlé 3 pọ́n-ùn àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa, torí Tutùọlá ò sọ pé owó gọbọi, ó ka ṣílè ó ka sísì. Nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n gba ìbẹ̀rù wọn padà, ṣùgbọ́n ikú tí wọ́n ti tà, ó ti lọ nìyẹn, kò ṣeé gbà padà. Wọ́n wá di ẹni tí ò lè kú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n! Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ agbára jinlẹ̀ tó báyìí, ọ̀pá ìwọ̀n mi nìyẹn, òun ni màá fi wọn àwọn tó kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí tòde òní. Ẹni àkọ́kọ́ tó yege lọ́wọ́ mi ni Tade Thompson. Rosewater lorúkọ ìwé ẹ̀, òun ló gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ẹ̀bùn ńlá sì ni fún ìwé sáyẹ́ǹsì nílùú òyìnbó. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ìtàn ọ̀hún. Ẹ̀dá kan láti òde ayé ti wá jókòó sílẹ̀ wa, ó fi òrùlé ràgàjì kan bo ara ẹ̀, àwọn èèyàn wá pàgọ́ yí i ká títí àgọ́ fi di ìlú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé yẹn ń ṣí, tó bá ti ṣí báyìí, aláàárẹ̀ á rí ìwòsàn, arọ á dìde. Ẹ ẹ̀ rí i pé àwa la mọ irú èrò yẹn, ẹni tó bá ti bá èrò lọ sí kùrùséèdì rí mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn dání láti òru. Àmọ́ Thompson ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ara ẹlòmíì á tò pọ̀ lódìlódì lọ́jọ́ yẹn, òkú náà á dìde, ṣùgbọ́n ara lásán ló dìde, ẹni yẹn ò sí nínú ẹ̀ mọ́, àwọn alààyè ló máa tún wá pa wọ́n. Dókítà ọpọlọ ni Thompson fúnra ẹ̀, ó sì hàn nínú bó ṣe kọ Kaaro, ẹni tó ń wọ inú ọkàn ẹlòmíì, torí ibi tó wọ̀ kì í jáde lára ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní lòdì sí ìwé náà ni pé ó ń fo ọdún jù, ẹ wà ní 2066 báyìí, orí tó tẹ̀lé e á gbé yín padà sẹ́yìn, ẹ ó tún padà wá, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ẹ ti sọ okùn nù.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, mo mọ̀ pé Tomi Adeyemi lẹ̀ ń retí. Children of Blood and Bone jáde ní 2018, ó tà bí ọṣẹ, ìkejì wá ní 2019, ìkẹta ní 2024. Màá sọ òótọ́ fún yín. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ń sáré, èèyàn ò lè gbé e sílẹ̀, ìbànújẹ́ Zélie, ọmọbìnrin tó ṣíwájú ìtàn ọ̀hún, lórí ìyá ẹ̀ tí wọ́n pa sì wọ̀ mí lára, mi ò jẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Yorùbá ni ọfọ̀ tí wọ́n ń pè níbẹ̀, orúkọ ìlú tá a mọ̀ sì wà nínú máàpù ẹ̀. Ṣùgbọ́n òrìṣà inú ẹ̀, ìdílé kan iná, ìdílé kan omi, ìdílé kan ikú, wọ́n pín in bí ìgbà tí wọ́n ń pín ọmọ iléèwé sí háòsì. Àwọn òrìṣà yẹn ò bínú, wọn ò bèèrè nǹkan, wọn ò ní ohun tí wọn ò fẹ́. Ọya tí àwa mọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹran àgùtàn dé ọ̀dọ̀ olóòṣà Ọya kan kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Ìkejì sì wá fi gbogbo ojú ewé jagun, ogun lórí ogun, nígbà tí mo fi máa débi ìkẹta mo kàn ń ṣí i ni.

Báyìí, ọ̀rọ̀ òkun. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé Àgbádárìgì la ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ibòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ibí mọ̀ ọ́n. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ní Máríínà, tó sọdá sí erékùṣù Gberefu, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rin yanrìn yẹn, oòrùn lórí, igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ ń rì, bàtà ò wúlò, á dé ibi kànga yẹn, èyí tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn ìyẹn á tún rìn, etí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ òkun kí ojú ẹ̀ tó rí i. Àwọn tó wá ṣe ìrìn àjò afẹ́ á máa ya fọ́tò. Mo máa ń wò wọ́n, mi ò bá wọn wí, ṣùgbọ́n ìwé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òkun fún mi, etíkun yẹn ló máa gbà kọjá.

Ìwé kan wà tó gba ibẹ̀ kọjá, Skin of the Sea tí Natasha Bowen kọ, 2021 ló jáde. Simi lorúkọ ọmọbìnrin inú ẹ̀, Mámí Wọ́tà ni, Yemọja ló dá a. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, ẹni tí wọ́n bá jù sómi tó bá kú, á gba ẹ̀mí ẹni yẹn, á ṣàdúrà fún un, kó lè padà sílé lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Òkú nìkan o. Òfin ò gbà á láyè láti yọ ẹni tó ṣì ń mí. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá ju ọmọkùnrin kan sómi, ó ṣì ń mí, Simi sì yọ ọ́. Inú ìyẹn ni gbogbo wàhálà ìwé yẹn ti jáde, torí òun nìkan kọ́ ló máa san án, gbogbo àwọn Mámí Wọ́tà tó kù ló máa bá a san án tí ò bá wá ojútùú sí i. Ẹ ẹ̀ rí i? Àánú gan-an ní iye tó ń náni. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn jù fún mi, mo sì lè ṣe láìsí díẹ̀ nínú ìrìn àjò àárín ẹ̀, àmọ́ àdúrà tó ń ṣe fáwọn òkú yẹn, mo ti kà á sókè fún ìyá ìyàwó mi tó jẹ́ Ègùn, mo ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń kà á, màámi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà.

Èkejì ni Lost Ark Dreaming, Suyi Davies Okungbowa ló kọ ọ́, ó jáde ní 2024, ìwé kékeré ni. Òkun ti gba Èkó. Ilé gogoro márùn-ún ni wọ́n kọ́ sójú omi, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí èèyàn ń gbé, Pinnacle lorúkọ ẹ̀. Àwọn olówó wà lókè níbi tí atẹ́gùn wà, àwọn tó lówó díẹ̀ wà láàárín, mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀, lábẹ́ omi gan-an, níbi tí oòrùn ò dé. Ibi kan wá jò nísàlẹ̀, nǹkan kan sì gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ẹ̀dá inú omi yẹn, Ọmọ Yemọja ni wọ́n ń pè wọ́n, ìtàn wọn sì tọ́ka sẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n jù sómi láti inú ọkọ̀ ẹrú. Ṣé ẹ rí bí ìwé méjèèjì ṣe pàdé lójú òkun kan náà? Èèyàn mẹ́ta láti àjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa wá bá ara wọn nídìí ọ̀rọ̀ yìí, Yekini, Tuoyo àti Ngozi, Ngozi ọmọ òkè yẹn ni mo sì fẹ́ràn bó ṣe kọ jù, ìbẹ̀rù ẹ̀ ni pé kí wọ́n má lọ já òun bọ́ sísàlẹ̀, gbogbo ìwà ẹ̀ tó ń bíni nínú, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó ń gbé òkè ní ààbò, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń sanwó ààbò ọ̀hún. Ó parí kíákíá jù, ìyẹn ni mo rí sọ sí i, mo ṣì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lagoon náà wà, ti Nnedi Okorafor, ti 2014, ó ti pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Àwọn àlejò láti òde ayé gba inú òkun wọ Èkó, ní Bar Beach, aṣojú wọn sì gba orúkọ Ayodele. Ẹja idà ló ṣíwájú ìtàn, ẹja yẹn ń bá páìpù epo jà torí epo ti ba omi ẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà Èkó sí Bẹ̀nín wà nínú ẹ̀ tó di abàmì, tó ń jẹ èèyàn. Èmi àtẹ̀yin tí à ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Mile 2, a ò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ohun tó tún mú mi lọ́kàn ni pé Bar Beach tó kọ yẹn ò sí mọ́, wọ́n ti kó yanrìn dí i, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, inú ìwé ló kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́, èèyàn pọ̀ jù nínú Lagoon, ẹnu pọ̀ jù, pásítọ̀, sójà, olórin, ọmọ yáhòó, àwọn mìíì nínú wọn ò dúró pẹ́ débi tí a ó fi mọ̀ wọ́n.

Ti Wole Talabi ló máa dá awuyewuye sílẹ̀. Shigidi and the Brass Head of Obalufon, 2023. Ṣìgìdì, òrìṣà tó ń fún èèyàn lọ́rùn lójú oorun, ó ti di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ àwọn òrìṣà, àdúrà àti ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ni owó tó ń wọlé níbẹ̀. Bí olùsìn ṣe ń dín kù ni owó ń dín kù. Ọlọ́run gan-an ló wá bẹ òun àti Nneoma, obìnrin tí wọ́n jọ ń rìn, lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé jáde ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà kan á bínú pé báwo la ṣe sọ Ọlọ́run di alága ilé iṣẹ́. Mo gbọ́ wọn. Àmọ́ Fágúnwà tó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku, kò kó iwin àti Ọlọ́run sínú igbó kan náà? Ìwé Talabi yìí sì mọ iye nǹkan, ó mọ ohun tí òrìṣà ń jẹ, ó mọ ohun tí ebi ń ṣe fún un. Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tòótọ́, 1938 ni wọ́n hú wọn jáde nínú agboolé Wúnmọníjẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum dòní. Ọdún yẹn gan-an ni Ògbójú Ọdẹ jáde. Ọdún kan náà tí ilẹ̀ gbé orí àwọn ọba wa jáde ni Fágúnwà gbé igbó wa sínú ìwé, mo máa ń rò ó. Ìwé àgbàlagbà ni ti Talabi o, ọ̀rọ̀ ibùsùn wà níbẹ̀, ẹ̀yin JSS ẹ ṣì fi sílẹ̀ ná.

Kíákíá lórí àwọn tó kù. Tobi Ogundiran kọ In the Shadow of the Fall, 2024, nípa ọmọbìnrin kan nínú tẹ́ńpìlì Ifá tí àwọn òrìṣà ò dá lóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn, ìdajì ẹ̀ ń kánjú. 'Pemi Aguda kọ Ghostroots, 2024 náà, ìtàn kéékèèké nípa Èkó, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó kẹ́yìn fún National Book Award ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Ọ̀kan nínú ìtàn yẹn, ibà ló ń gba àdúgbò kan bọ̀ láti ilé dé ilé, ọmọkùnrin ló ń mú lọ, èèyàn á jókòó, á máa ka nọ́ńbà ilé títí á fi kan tiẹ̀. Ẹ má kà á lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ ni ti Moses Ose Utomi, The Lies of the Ajungo, 2023. Ìlú kan ò lómi. Àwọn Ajungo ní àwọn á fún wọn lómi, kí wọ́n gé ahọ́n ọmọ wọn wá. Ọmọ kan, Tutu, ku díẹ̀ kó pé ọdún tí wọ́n máa gé tiẹ̀, ìyá ẹ̀ ń kú lọ fún òǹgbẹ, ó bá wọ aṣálẹ̀ lọ wá omi. Mi ò ní sọ ohun tó rí. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n dá lé omi yẹn, ahọ́n! Tutùọlá ì bá tẹ́wọ́ gbà á.

Ohun kan wá ń dùn mí, mi ò sì ní fi bò. Gbogbo ìwé tí mo dárúkọ lẹ́yìn ti Fágúnwà, òyìnbó ni. Yemọja ń sọ òyìnbó, Ṣìgìdì ń sọ òyìnbó, ará Nàìjíríà ọdún 2066 ń sọ òyìnbó. Mi ò bá àwọn tó kọ ọ́ wí, wọ́n ní láti jẹun, ibi tí ọjà wà ni wọ́n gbé e lọ. Àmọ́ ìyá ìyàwó mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ka òyìnbó, wọ́n gbọ́ Ègùn, wọ́n gbọ́ Yorùbá, àwọn ló sì yẹ kí wọ́n sọ fún wa bóyá ìwé Yemọja yìí dáa tàbí kò dáa. Mo fẹ́ kí ẹnìkan túmọ̀ Skin of the Sea sí Yorùbá, àní kí wọ́n kà á sórí rédíò, orí kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn sórí fóònù yín, fóònù ọ̀hún ní àmì ẹ àti ọ àti ṣ, ẹ lò ó.

Nígbà tó di àkókò ìbéèrè, bàbá Ègùn kan dìde, wọ́n ní gbogbo òrìṣà Yorùbá lo ti kà tán, Zangbeto ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan tó ń ṣọ́ ìlú lóru, tí wọ́n ń dojú ẹ̀ dé lójú gbogbo èèyàn tí ò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, ìtàn sáyẹ́ǹsì wo ló ju ìyẹn lọ? Gbọ̀ngán hó yèè. Mo ní bàbá, òótọ́ lẹ sọ, nínú gbogbo èyí tí mo kà mi ò rí i, kì í sì í ṣe èmi ló yẹ kó kọ ọ́, ọmọ Ègùn ló yẹ kó kọ ọ́, torí òun ló mọ ohun tó ṣeé sọ níta àti ohun tí ò ṣeé sọ. Bàbá ní àwọn gbọ́, pé àwọn á bá àwọn ọmọ àwọn sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kan láti SS2 náà dìde, ó bá mi jà lórí Adeyemi. Ó ní mo le jù, pé òrìṣà inú ìwé yẹn dákẹ́ torí ọba ti pa àwọn tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni, pé ìdákẹ́ yẹn gan-an ni iye tí mò ń wá. Èsì tó lágbára ni. Mo sọ fún un pé ó mú mi níbẹ̀ fún ìwé àkọ́kọ́, pé kó wá fi ìkejì dá mi lóhùn, ó ní òun ò tíì kà á. Àǹtí kan wá béèrè èwo ni kí ẹni tí ò ka irú ẹ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀. The Lies of the Ajungo ni, torí ó kúrú, ọ̀sán Sátidé kan ti tó o, lẹ́yìn náà Tutùọlá, lẹ́yìn náà Rosewater tí ọpọlọ bá ti jí. Ẹ̀dà Ajungo mi wà lọ́dọ̀ tíṣà tó pè wá jọ, wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ yá a sílẹ̀, ẹni tó bá kà á tán kó gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e nínú ìwé orúkọ, kó má gbé e padà wá fún mi.